Fídíò Ìyá Àgbà Tó Kọ̀ Tí Kò Jáde

Ìró tí Kúbúrá kọ́kọ́ mọ̀ láyé ni ìró kẹ̀kẹ́ ìránṣọ bàbá rẹ̀. Kò tíì lè rìn dáadáa nígbà náà. Wọn á tẹ́ ẹní fún un sábẹ́ tábìlì, láàárín àjákù ṣáàdà àti àǹkárá, kẹ̀kẹ́ á sì máa ké lókè orí rẹ̀, tẹrẹrẹrẹ, tẹrẹrẹrẹ, títí oorun á fi gbé e lọ. Bí okùn bá fẹ́ já tàbí tí abẹ́rẹ́ bá fẹ́ ṣẹ́, ìró náà á kọ́kọ́ yí padà, á wúwo, bí èémí ẹni tó ru ẹrù gun òkè Mápó. Fàsásì bàbá rẹ̀ á ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí irin kí nǹkan tó bàjẹ́. Ó máa ń sọ pé ẹ̀rọ kì í kú láìdágbére; ẹni tó ń lò ó ni kì í gbọ́.

Fàsásì ti kú, kẹ̀kẹ́ ti di ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n yàrá náà ṣì wà níbi tó wà, níwájú agbo ilé wọn ní Bẹyẹrúnkà, tó kọjú sí títì. Kúbúrá ló wà níbẹ̀ báyìí. Fídíò ló ń tò: ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ, ti wòlímọ̀ àwọn ọmọ kéú, ti àdúrà òkú. Àwọn èèyàn á kó ohun tí wọ́n fi fóònù àti kámẹ́rà yà wá, òun á gé e, á so ó pọ̀, á kọ orúkọ ẹbí sí i lára, á sì dá a padà fún wọn bí odidi ìtàn. Láptọ́ọ̀pù tó fi ń ṣe é ti dàgbà. Tòkunbọ̀ ni. Bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá, bọ́tìnnì méjì ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí eyín arúgbó, ìdè ọrùn rẹ̀ sì ti ṣẹ́, tó fi jẹ́ pé bíríkì ló fi ń gbé ojú rẹ̀ ró lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ Ìyá Àgbà, ìyá bàbá Kúbúrá, láti àárọ̀ ni láptọ́ọ̀pù yìí ti ń dágbére. Kúbúrá sì ń gbọ́.

Ọ̀pá tín-ín-rín kan wà lójú rẹ̀ tó máa ń kún díẹ̀díẹ̀ bí fídíò bá ń jáde, bí omi ṣe ń gun inú ìgò. Bí ó bá kún tán, fídíò ti di odidi, ó ṣeé gbé sórí fíláṣì, ó ṣeé gbé jáde. Bí kò bá kún, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni. Ti àárọ̀ yẹn kọjá ìdajì, ó dúró. Ojú ẹ̀rọ funfun bí ojú ẹni tó dákú, ètò tó fi ń to fídíò sì pa ara rẹ̀ dé. Kúbúrá tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró lọ́gangan ibẹ̀.

Ohun tó so mọ́ ọ̀pá yẹn kì í ṣe fídíò nìkan. Yàrá náà gan-an ló so mọ́ ọn. Bàbá Abdulmumin, àbúrò Fàsásì, tó jẹ́ olórí ẹbí báyìí, ti pe Kúbúrá síwájú gbogbo ilé lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ní yàrá iwájú títì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré, pé Nojeem tó ń ṣe POS lábẹ́ agbòòrùn ti ń bẹ òun fún un. "Ṣùgbọ́n mi ò ní já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Fídíò ìyá mi, ìwọ ni kí o ṣe é. Bí a bá wò ó níbi àdúrà ogójì tó sì lọ geere, yàrá di tìrẹ, ẹnu ẹnikẹ́ni ò ní bà á mọ́. Bí ó bá dúró lójú èrò bíi ti Mọ́lété, kó ẹrù rẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí n tún un sọ."

Ti Mọ́lété yẹn, gbogbo Bẹyẹrúnkà ló mọ̀ ọ́n. Níbi wòlímọ̀ kan, fídíò tí Kúbúrá ṣe dúró gbagidi lára ògiri nígbà tí ọmọ kékeré kan lanu láti ka ẹsẹ kéú rẹ̀. Ẹnu ọmọ náà là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí àwọn èèyàn fi jẹun tán, tí wọ́n fọwọ́, tí wọ́n wá bàtà wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ Kúbúrá ní Ó-Dúró.

Ọ̀rọ̀ kejì wà tí Bàbá Abdulmumin ò sọ jáde, ṣùgbọ́n tí Kúbúrá mọ̀. Kánò ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Kò bá a. Kúbúrá ló jókòó ti arúgbó náà ní àwọn ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn yẹn, tó sì gbé fóònù dání lọ́jọ́ kan tí ara rẹ̀ yá, tó yà á bó ṣe ń ṣàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ò gbà kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òun lórí fóònù. Ó ní ìyá òun kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pín kiri láàárín ẹ̀fẹ̀ àti ìpolówó ọjà. Kí wọ́n fi í síbi tó yẹ, kí gbogbo ẹbí jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà náà ló ti ń retí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ bá ṣèèṣì há sẹ́nu ọ̀pá tín-ín-rín yẹn, kì í ṣe yàrá nìkan ni Bàbá máa gbà lọ́wọ́ Kúbúrá.

Bó ṣe ń rò ó báyìí ni ẹnu ọ̀nà ṣú. Nojeem ló dúró ńbẹ̀, ó ti wọ jalamíà fún àdúrà, ó sì mú okùn ìwọ̀n àwọn káfíńtà lọ́wọ́. Wọ́n jọ dàgbà ni.

"Ó-Dúró, ṣé ó ti tún dúró?"

"Nojeem, kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi."

"Ẹnu ọ̀nà wa. Jẹ́ kí n máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó lè tètè mọ́ wa lára." Ó ti wọlé, ó ń na okùn sára ògiri. "Bàbá ló ní kí n wá wọ̀n ọ́n o. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, mi ò bá ẹ jà. Ibí yìí ni màá gbé káńtà sí. Ìwọ á máa dúró ní ìta ńbẹ̀ yẹn pẹ̀lú àwọn kọ́sítọ́mà yòókù."

"Mi ò ní wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ."

"Wàá wá. Ta ni kì í wá sọ́dọ̀ olówó?" Ó wo ojú láptọ́ọ̀pù, ó wo bíríkì ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀. "Kúbú, ṣé ó máa jáde báyìí? Bàbá ò jẹun láti àárọ̀ o."

Kúbúrá yíjú padà sí ẹ̀rọ. Nojeem ká okùn rẹ̀, ó jáde.

Ooru ni Kúbúrá kọ́kọ́ fura sí. Ó dojú abọ́ méjì dé, ó gbé láptọ́ọ̀pù lé e kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ojú fáànù sí i. Ó dúró. Ó rò pé bóyá àyè ló há: ó kó àwọn iṣẹ́ àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀, ó nu àwọn àjákù tí ètò náà máa ń fi pamọ́ fúnra rẹ̀ bó bá ti ń ṣiṣẹ́. Ó dúró. Ó wò ó pé oríṣiríṣi fóònù ni ẹbí fi ya tiwọn, òmíràn ń sáré, òmíràn ń falẹ̀. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ gbogbo wọn di irú kan náà. Iṣẹ́ yẹn gbà á lásìkò débi pé nígbà tó fi gbé ojú sókè, òòrùn ti kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n sì ti ń pe ìrun Àílà ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ kó jáde. Ọ̀pá náà rìn, ó rìn, ó dé ibi tó ń dé. Fáànù inú láptọ́ọ̀pù gbóhùn sókè, ohùn náà wúwo. Kúbúrá di etí tábìlì mú.

Ojú ẹ̀rọ funfun.

Ohun tó ń dẹ́rù bà á jù ni pé ó mọ iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò mọ̀ á máa retí pé ẹlòmíràn lè mọ̀. Ẹni tó mọ̀, tó ti ṣe gbogbo ohun tó mọ̀, ibo ló fẹ́ kọjú sí? Lẹ́yìn fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ kékeré ń hu bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.

Fóònù dún. Afeez ni, ọmọ Bàbá Abdulmumin, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi gbé fídíò sára ògiri ní gbọ̀ngàn tí wọ́n gbà nítòsí Mápó.

"Àǹtí Kúbú, gbogbo nǹkan ti tò o. Fíláṣì yín ló kù."

"Ó ń bọ̀."

"Ẹ̀yìn Aláàsárì ni wọ́n ní ká gbé e sí i. Bàbá ti jókòó síwájú pátápátá, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

"Afeez, mo ní ó ń bọ̀."

"Ibo ló ti ń dúró, Àǹtí?"

Kúbúrá fẹ́ purọ́, ó rẹ̀ ẹ́. "Níbi tí Ìyá Àgbà ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀."

"Ẹ yọ ọ́ ńbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi fọ́tò wọn síbẹ̀, ẹ fi kéú sí i lábẹ́. Èrò ò ní mọ̀."

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

Afeez ní òun ń bọ̀ wá pè padà.

Bí Kúbúrá ṣe yíjú, ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà inú ilé. Ó ti múra, búbù funfun ló wọ̀, ìborùn rẹ̀ mọ́ níní. Ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Níbi tí Ìyá ti ń sọ̀rọ̀ ló ti ń dúró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Nígbà gbogbo?"

"Ibẹ̀ náà ni."

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí. "Ìyá ò fẹ́ràn kí wọ́n máa ya àwọn láìjẹ́ pé wọ́n wẹ̀. Ọjọ́ tí o yà wọ́n yẹn, ṣé wọ́n ti wẹ̀?"

"Màámi, ẹ̀rọ ni. Kì í ṣe Ìyá Àgbà."

"Ṣé mo ní Ìyá ni? Mo kàn ń sọ bí mo ṣe mọ̀ wọ́n." Ó wo ojú láptọ́ọ̀pù bí èèyàn ṣe ń wo ajá tí kò mọ̀ bóyá ó ń bunijẹ. "Bakara ńkọ́, ṣé ó ṣì ń lọ?"

"Ó ń lọ."

"Má jẹ̀ẹ́ kó dá o."

Lẹ́yìn ìtìjú Mọ́lété ni ìyá Kúbúrá ti tọ Àáfà kan lọ ní Òkè Padre. Àáfà ní ojú ló wọ iṣẹ́ ọmọ náà, kí wọ́n máa ka Súrátù Bakara nínú yàrá rẹ̀, kó má dá. Kò sí ẹni tó lè jókòó máa ka súrà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà Kúbúrá wá fídíò gígùn kan tí wọ́n ti ń kà á, tí àwòrán Mẹ́kà ń yí lọ nínú rẹ̀, ó gbé e sínú láptọ́ọ̀pù, ó sì ṣe é kó máa bẹ̀rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Bó bá ń gbọ́ ohùn inú iṣẹ́ rẹ̀, á pa ohùn súrà mọ́lẹ̀ kí ohùn méjèèjì má baà dàrú. Kò pa súrà fúnra rẹ̀ rí.

Ó ku ohun kan tí kò tíì dán wò, ohun tí Afeez sọ. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo nígbà tó fẹ́ ṣe é. Ó mú ibi tí Ìyá Àgbà ti ń sọ̀rọ̀, ó yọ ọ́ kúrò. Àlàfo dúdú kan ló kù níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́ kó jáde.

Ọ̀pá rìn. Ó dé ibi tó ń dé. Ó dúró.

Kúbúrá mí kanlẹ̀, èémí náà sì jọ ẹ̀rín. "Kì í ṣe Ìyá Àgbà, Màámi. Wọn ò sí níbẹ̀, ó sì dúró." Ó dá arúgbó náà padà síbi tó wà kíákíá, bí ẹni tó ti àgbà lójú ọ̀nà tó ń tọrọ àforíjì.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ronú bí ó ṣe yẹ kó ti ronú láti àárọ̀. Bí fídíò bá dúró pẹ̀lú Ìyá Àgbà, tó tún dúró láìsí Ìyá Àgbà, a jẹ́ pé kì í ṣe ohun tó wà nínú fídíò ló ń dá a dúró. Ibi tí àwòrán, orúkọ àti ohùn ti gun ara wọn ni, ẹ̀rọ fẹ́ agbára níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ, agbára náà kò sì sí. Ta ló ń jẹ ẹ́? Ó ṣí ibi tí láptọ́ọ̀pù ti ń to orúkọ gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, àti bí oúnjẹ oníkálukú ti pọ̀ tó. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣí i lọ́jọ́ náà. Ó ti ṣí i láàárọ̀, ó ti rí i pé òun ti pa gbogbo nǹkan, ó sì ti pa á dé.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó kà á láti òkè. Lókè pátápátá ni ètò tó ń gbé fídíò Bakara wà, ó ń jẹ ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Kì í ṣe pé kò rí i láàárọ̀. Ó rí i. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í gba iwájú ẹni tó ń kírun kọjá. Yíyí ni à ń yí gba ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ ṣe yí gba ẹ̀yìn súrà nìyẹn, lójoojúmọ́, tó ń ka gbogbo nǹkan inú ẹ̀rọ láìkà á mọ́ wọn. Lójú rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe. Kéú ni. Ṣùgbọ́n lójú láptọ́ọ̀pù, ẹrù ni, bí ẹrù yòókù, àwòrán Mẹ́kà tó ń yí lọ láìdúró lórí ọrùn tí kò lágbára mọ́.

Mímọ̀ rẹ̀ kò mú un rọrùn. Bóyá èyí gan-an ló ní ẹ̀rù jù nínú gbogbo ọjọ́ náà.

"Màámi."

"Hẹn."

"Bakara ló ń mu agbára láptọ́ọ̀pù. Mo ní láti gbé e kúrò nínú rẹ̀."

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. "Ohun tí a fi ń ṣọ́ ẹ lo fẹ́ pa."

"Àáfà ní kó má dá nínú yàrá. Wọn ò sọ pé inú láptọ́ọ̀pù ni. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

"Gbé e sí fóònù."

"Ó wúwo ju ohun tí fóònù mi lè gbà. Tiyín ńkọ́, iná tọ́ọ̀ṣì nìkan ló mọ̀ ọ́n tàn."

Lóde, ọmọlanke kan ń kọjá lọ sí Ọjà'ba, ó ń ha ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Gbogbo ẹ̀ ò sí lórí mi," ó ní. "Àyátù Kúrísíyù nìkan ni mo mọ̀ nínú ẹ̀."

"Inú Bakara náà ló wà, Màámi."

"Mo mọ̀ pé inú ẹ̀ ló wà. Ta lo fẹ́ kọ́ ní kéú?" Kúbúrá ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. "Dúró. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ná, kó má baà dá."

Ó pa ojú dé, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn, ó há lọ́fun, ṣùgbọ́n kò ta kókó. Nígbà tí ó dé àárín ni Kúbúrá tẹ bọ́tìnnì, Mẹ́kà kúrò lójú ẹ̀rọ, ó sì tẹ fídíò kó jáde.

Ìyá rẹ̀ parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá ń rìn. Ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nojeem dé ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rí wọn, ó dúró sí ìta ìloro. Ọ̀pá dé ìdajì. Ó kọjá rẹ̀. Fáànù inú láptọ́ọ̀pù gbóhùn sókè, Kúbúrá sì mọ̀ pé ibẹ̀ nìyí. Kò wo ọ̀pá mọ́. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ń wò, bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Ohùn fáànù ga, ó ga sí i, ó fẹ́ wúwo, kò wúwo. Ó rọlẹ̀.

Nígbà tó fi wo ojú ẹ̀rọ, ọ̀pá ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó jẹ́ kó máa kà á títí ọ̀pá fi kún dé ẹnu.

Ó wo fídíò náà ní ibi tí Ìyá Àgbà wà, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì, ó gbé e sórí fíláṣì. Ìyá rẹ̀ gbà á, ó dì í mọ́ ìṣẹ́tí ìró abẹ́ búbù rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń di owó ọjà.

"Ọ̀kadà mi wà níta," Nojeem ní. "Mápó náà ni mò ń lọ. Ẹ jókòó sẹ́yìn mi, Màmá." Ó wo Kúbúrá. "Ṣé o rí ayé mi? Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ gbé yàrá mi lọ fún ẹ yìí."

"Máa rọra gùn ún, Nojeem. Má jù wọ́n."

"Bí mo bá jù wọ́n, yàrá ti di tèmi." Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi gbéra.

Kúbúrá ò tẹ̀ lé wọn. Láti ọjọ́ Mọ́lété ni kò ti lè jókòó síbi tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti ń hàn lára ògiri. Ó pa jẹnẹrétọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ wọlé. Wọ́n pe Aláàsárì, ó kí i, kò mọ ohun tó kà nínú rẹ̀. Ó jókòó ti fóònù. Àwọn èèyàn ń kọjá lójú títì, ẹni kan ń kí i, ó ń dáhùn, kò mọ ẹni tí ó jẹ́.

Fóònù dún. Bàbá Abdulmumin ni.

"Kúbúrá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá."

Ariwo èrò wà lẹ́yìn rẹ̀. "O jẹ́ kí wọ́n rí Afeez nínú fídíò níbi tó ti ń fi eyín já ẹran. Kí ni ìyẹn wá ṣe níbi àdúrà ìyá mi?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Hẹn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n dárúkọ mi. Wọ́n dárúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní Mumini, Mumini tó wà lókè Ọya." Ó yára yí ọ̀rọ̀ padà. "Ògiri yàrá yẹn ti ń yọ. Kùn ún, kí èèyàn má máa wò ó níta bí ilé tí kò ní onílé. Mo ti sọ fún Nojeem kó lọ wo ibìkan ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀."

Ó ti gé e kí Kúbúrá tó lè dúpẹ́.

Ó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Gbogbo wọn ló wà ní Mápó, wọn ò sì ní tètè dé. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó bu ẹ̀wà oúnjẹ alẹ́ sínú àwo pẹrẹsẹ, ó sì gbé e jáde sí àgbàlá níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣà á. Òkúta lọ́tọ̀, èèpo lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti lu lọ́tọ̀. Ó ṣà á tán, ó fẹ́ ẹ, ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó dà á sínú ìkòkò, ó bu omi bò ó, ó gbé e kaná, ó sì dé e.